Kílò Mẹ́rin

Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ máa gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ohun tó kù lára rẹ̀ tó tún lè bọ́ sílẹ̀ mọ́. Ó ti bọ́ yẹtí, ó ti bọ́ òrùka ọwọ́, ó ti bọ́ aṣọ ara, àwọn obìnrin méjì sì na aṣọ ìnura yí i ká kí ojú má baà rí i. Láti àárọ̀ àná ni omi kò ti kan ọ̀fun rẹ̀. Itọ́ ẹnu rẹ̀ gan-an, inú ìgò ló ń tu ú sí, torí itọ́ pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ó dúró gbọin, kò mí. Ọkùnrin tó ń wo òṣùwọ̀n tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní, "Kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta géérégé. Ó yege."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ní kí òun sọ̀ kalẹ̀, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀, tó tún jẹ́ kóòṣì rẹ̀, ló tètè kì í mú lábíyá, tó rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn bí ẹni pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Ìnagijẹ ni Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó kéré, ó yára, ẹni tó bá sì ní ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́, kó tó ṣẹ́jú, ó ti wà lórí ẹ̀ka mìíràn. Ọdún mẹ́ta ló ti fi jẹ́ ṣámpíọ̀nù àwọn obìnrin abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ní kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Obìnrin márùn-ún ló ti wá gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn márààrùn-ún ló padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó bí ìbejì, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ọsibítù kan. Láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, òun ló ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ibùsùn tútù láti ẹnu ẹ̀rọ ìfọṣọ dé ẹnu ẹ̀rọ ìgbẹṣọ. Bí ìjà bá ti ń sún mọ́, á wọ ẹ̀wù òtútù mẹ́ta léra wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbígbóná yẹn, kí òógùn lè gbé ẹran ara rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì tó gun òṣùwọ̀n, ó borí ẹni kẹfà. Àmọ́ bó ṣe borí kò dùn mọ́ ọn nínú. Ní ráúńdù kẹjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kú. Ó gbé ojú sókè, ó rí ẹni tó ń bá jà ní méjì, òun tó sì bí ìbejì fúnra rẹ̀ kò mọ èwo ni kí òun kọ́kọ́ gbá. Ó di okùn mú, ó dì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó fi ọgbọ́n àgbà là á já. Máàkì kan ṣoṣo ló fi borí.

Wọn ò tíì tú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán tí ọkùnrin kan fi kan ilẹ̀kùn wọlé. Ọ̀dọ̀ Òkúta ni wọ́n ti rán an wá. Òkúta ni ṣámpíọ̀nù kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta, kílò mẹ́rin lókè Ọ̀kẹ́rẹ́, obìnrin tí gbogbo ayé ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, tí pápá ìṣeré máa ń kún torí rẹ̀.

"Ó ní òun fẹ́ bá yín jà," ọkùnrin náà wí. "Ó ní nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nísàlẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ wu òun."

Kóòṣì kò jẹ́ kí Ọ̀kẹ́rẹ́ la ẹnu. "Bá wa kí i. Sọ fún un pé a dúpẹ́, a ò ṣe."

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọlé sí Ọ̀kẹ́rẹ́ lára, ó sì jókòó.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí orí tí wọ́n fá tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àwọn kan ní ẹja tó ti jọba nínú odò, kí ló ń wá kiri lókun? Àwọn mìíràn ní ṣámpíọ̀nù tí kò gòkè rí, àwọn tó tó nà nìkan ló ń nà. Ọkọ rẹ̀ kò dá sí i. Ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń ká aṣọ àwọn ọmọ ló tó sọ tirẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ṣé o mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ máa ń bi mí tí ìjà bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Kí ni wọ́n máa ń bi ọ́?"

"Wọ́n á ní, 'Bàbá, ṣé Ìyá ti jẹun lónìí? Tí kò bá tíì jẹun, ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn wọlé.'"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín, àfi bí omi ṣe lé ròrò sí i lójú.

"Mi ò ní kí o bá Òkúta jà," ọkọ rẹ̀ wí. "Obìnrin yẹn, èmi ọkùnrin gan-an, tí mo bá rí i lójú títì, mo lè sọdá. Ohun tí mò ń sọ ni pé kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta yìí ń pa ẹ́. Ìjà mẹ́fà lo jà pẹ̀lú àwọn yẹn. Òṣùwọ̀n ló ń lù ẹ́ jù."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ bá Kóòṣì ní jíìmù. Yàrá gbọọrọ kan ni, ó ń rùn fún òógùn àti ìpara, àpò ẹ̀ṣẹ́ mẹ́fà so rọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti ya, wọ́n fi téèpù dì í. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Bàbá, mo fẹ́ gòkè."

Kóòṣì na ìka sí ìsàlẹ̀ yàrá, níbi tí ọkùnrin kan ti ń gbálẹ̀. Ọkùnrin náà á gbá díẹ̀, á dúró, á wo ìgbálẹ̀ bí ẹni pé ó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, á tún máa gbá lọ. Mànàmáná ni wọ́n ń pè é. Ní ogún ọdún sẹ́yìn, ṣámpíọ̀nù ni. Ní báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ẹlòmíràn ló ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù, ojú òsì rẹ̀ kò sì ríran.

"Òun náà ní òun fẹ́ gòkè," Kóòṣì wí. "Kílò mẹ́rin náà ni. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀rọ̀ tán."

Ọ̀rọ̀ kò tán. Láti ọmọdé ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń rí i tí wọ́n ń nàka sí Mànàmáná bẹ́ẹ̀ yẹn: bí ẹnì kan bá ń kánjú, Mànàmáná ni wọ́n á nàka sí fún un, bó bá ń gbéra ga, òun náà ni wọ́n á nàka sí. Kò rí ẹnì kan rí tó lọ jókòó tì í. Nígbà tí Kóòṣì jáde, ó fa àga kan lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an?"

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ ń falẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ọgbọ́n wà nínú wọn. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n sanra kílò mẹ́rin! Mo ń jẹun bí ẹni ń di àpò. Ọ̀rá ni mo gbé wọ ojú ìjà, kì í ṣe agbára. Ṣé ó yé ẹ? Ó wúwo lára mi, kò wúwo lọ́wọ́ mi."

"Ó yé mi."

"Ní ráúńdù karùn-ún, ojú òsì mi kú fín-ín bí iná tí wọ́n pa. Mo padà sí igun tí mo ti ń sinmi, mo ní, mi ò ríran. Wọ́n ní kí n fara dà á. Wọ́n ní ó ti ń rẹ ẹni tí mò ń bá jà, pé ráúńdù méjì sí i, ó máa ṣubú."

"Ta ni 'wọ́n,' Ẹ̀gbọ́n?"

Mànàmáná yí ojú sí ilẹ̀kùn tí Kóòṣì gbà jáde. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Má dá a lẹ́bi tán o. Ohun tí èmi náà fẹ́ gbọ́ nìyẹn."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde, ó lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń sá ìbọ̀wọ́ sí oòrùn. Bí ọkùnrin náà ṣe rí ojú rẹ̀, ó mọ̀.

"Ó sọ fún ẹ."

"Èmi ni mo bi wọ́n, Bàbá. Ẹ má bínú sí mi. Ṣé òótọ́ ni?"

Kóòṣì ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Ọkùnrin gìrìpá ni, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó dà bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ tóbi jù fún un. "Òótọ́ ni. Ó sọ pé òun ò ríran, mo sì gbọ́. Mò ń ronú bẹ́líìtì. Ogún ọdún, Ọ̀kẹ́rẹ́, ojoojúmọ́ ló ń gbálẹ̀ níwájú mi."

"Nígbà náà, kì í ṣe kílò mẹ́rin lẹ̀ ń bẹ̀rù," ó fèsì. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ̀ ń bẹ̀rù, àti ohun tẹ́ ẹ sọ ní igun. Èmi ò fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ fún mi ní ọdún kan. Mo máa dá bẹ́líìtì padà, mo máa gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo máa kọ́kọ́ bá ẹlòmíràn jà lókè níbẹ̀ kí n tó kojú Òkúta. Ọjọ́ tí mo bá ní mi ò ríran, ẹ dá a dúró. Bí ẹ̀yin bá rí ohun tí èmi ò rí, ẹ dá a dúró. Mi ò ní bi yín léèrè."

"Tí o bá parọ́ fún mi ńkọ́? Gbogbo abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ló ń parọ́ ní igun."

"Èmi ò ní parọ́."

Kóòṣì wo ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ọdún kan," ó wí. "Tó bá ku ọjọ́ kan, mi ò lọ."

Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe gbé bẹ́líìtì ọdún mẹ́ta sínú àpò nìyẹn, tó gbé e lọ fún àjọ tó ni ín. Obìnrin akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Nígbà tó dé ìta, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo débi pé kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ọdún náà gùn. Ó ń jẹ ẹyin, ó ń jẹ ẹja, ó ń jẹ ẹ̀wà, kì í ṣe àjẹkì, bí Kóòṣì ṣe wọ̀n ọ́n fún un ni. Ó ń gbé irin. Ní ilé ìfọṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so kẹ̀kẹ́ méjì pọ̀ tì lẹ́ẹ̀kan, títí ọ̀gá wọn fi bi í bóyá ó fẹ́ gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Kílò kan gba oṣù mẹ́ta kó tó jókòó sára rẹ̀ dáadáa. Mànàmáná, tí ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe nǹkan kan, gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó ní, "Tí ẹni tó tóbi bá fẹ́ gbé ara lé ẹ lọ́rùn, má tì í. Yẹ̀ fún un, kó ṣubú lu ìtóbi rẹ̀." Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ ọ.

Nígbà tí oṣù mẹ́wàá pé, Ọ̀kẹ́rẹ́ bá obìnrin kan jà ní kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ̀ṣẹ́ ibẹ̀ wúwo. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ilẹ̀kùn gbá òun. Egungun ìhà rẹ̀ dùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ ní ráúńdù kẹwàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń fò, ojú rẹ̀ mọ́, ẹyọ ẹnì kan ló rí níwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó borí. Kóòṣì kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní, "Ó ku oṣù méjì."

Nígbà tí ọdún pé, ó kojú Òkúta.

Pápá kún dẹ́nu. Òkúta kò yára, àmọ́ kì í padà sẹ́yìn. Ní ráúńdù kẹta, ó fi ọwọ́ òsì kan Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ìhà, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, kò mọ bó ṣe débẹ̀. Rẹfirí ń kà. Ó gbọ́ ení, ó gbọ́ èjì. Ó fi ojú wá Kóòṣì, ó rí i tó ti di aṣọ ìnura mú láti fi dá ìjà dúró. Ó mi orí sí i: èémí mi ti lọ, àmọ́ mo ríran. Nígbà tó kà dé ẹ̀jọ, ó dìde.

Lẹ́yìn náà ló wá di Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ń gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ń kúrò. Ó ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń kúrò. Bí Òkúta bá ní kí òun gbé ara lé e, ó ń yẹ̀. Ráúńdù kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje, gbogbo rẹ̀ tirẹ̀ ni. Àwọn èèyàn dìde dúró. Àmọ́ ní ìparí ìkẹjọ, ọwọ́ ọ̀tún kan bà á lábẹ́ ojú ọ̀tún, ó sì gbọ́ nǹkan kan tó ṣẹ́ níbẹ̀ bí igi tín-ín-rín.

Ó jókòó ní igun. Kóòṣì da omi sí i lórí. "Ò ń borí. Ojú ńkọ́?"

Ojú ọ̀tún Ọ̀kẹ́rẹ́ ti di. Ó ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ráúńdù méjì péré ló kù. Irọ́ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó dùn, kò ní ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: ó dáa. Ó gbé e mì.

"Bàbá, ọ̀tún ti lọ. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

Kóòṣì kò rò ó. Ó ti na ọwọ́ sí rẹfirí kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó pa ẹnu dé. "Ó parí," ó pariwo. "Ẹ dá a dúró! Ó parí!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n ka ìwé àwọn adájọ́, máàkì mẹ́ta ló fi wà níwájú. Àmọ́ Òkúta ni wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, torí igun Ọ̀kẹ́rẹ́ ló dá ìjà dúró.

Dókítà sọ pé eegun abẹ́ ojú ti sán, pé ẹ̀ṣẹ́ kan sí i níbẹ̀, ojú náà ì bá ti lọ pátápátá. Oṣù mẹ́ta láìfọwọ́ kan àpò. Ní gbogbo àdúgbò, àwọn tó ti sọ tẹ́lẹ̀ ń sọ pé àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀. Ó pàdánù bẹ́líìtì ìsàlẹ̀, kò rí tòkè gbà. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ ọ́ lórí àga ṣọ́ọ̀bù gan-an tí ọkọ rẹ̀ fi pa ẹ̀rọ ìfárí. Ó ní, "Ọ̀gá, apá ọ̀tún nìkan ni mo tíì fá fún yín o. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní ọ̀rọ̀ ìyàwó mi láti sọ, ẹ máa gbé apá òsì lọ sílé bẹ́ẹ̀." Ọkùnrin náà dákẹ́ títí wọ́n fi fá a tán.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní jíìmù tí Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ojú òsì rẹ̀ rí. Kóòṣì wọlé láàárọ̀, ó rìn lọ bá Mànàmáná, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku, àgbà fún àgbà. Ohun tí wọ́n sọ, kò gbọ́. Wọ́n jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ náà, Kóòṣì ló parí ilẹ̀ gbígbá.

Nígbà tó di oṣù kẹrin lẹ́yìn ìjà náà, fóònù Ọ̀kẹ́rẹ́ dún. Ohùn obìnrin ni.

"Òkúta ni. Ojú ńkọ́?"

"Ó ti ń ríran."

"Ó dáa. Ìwọ lò ń borí lọ́jọ́ yẹn. Èmi mọ̀, ìwọ náà mọ̀. Bẹ́líìtì yìí kò jẹ́ kí n sùn. Wá ká tún un jà."

"Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́fà."

"O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́!" Òkúta rẹ́rìn-ín. "Oṣù mẹ́fà."

Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, Mànàmáná wà ní igun wọn, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bèèrè ọ̀rọ̀ ojú. Lẹ́yìn ráúńdù kọ̀ọ̀kan, á gbé ìka sókè, á ní, "Mélòó?" Ọ̀kẹ́rẹ́ á sì dáhùn. Ìka náà ń gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì í kà, ó ní mẹ́ta, Mànàmáná ní, "Méjì ni, àmọ́ ẹ̀bi mi ni." Ẹ̀rín pa wọ́n láàárín ìjà. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò ṣubú lọ́jọ́ náà. Òkúta náà kò ṣubú. Ráúńdù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n jà, ètè àwọn méjèèjì ya, nígbà tí agogo sì dún, wọ́n fara ti ara wọn nítorí pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Adájọ́ kan ní Òkúta ni, àwọn méjì ní Ọ̀kẹ́rẹ́.

Nínú yàrá ìmúra, akọ̀ròyìn kan bi í bóyá ó máa gba àwọn ṣámpíọ̀nù yòókù nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa gòkè.

"Mi ò mọ tiwọn," ó fèsì, ó ń fi yìnyín tẹ ètè. "Bí ọdún méjì lèmi fi gòkè. Mo pàdánù ohun tó wà lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló sì kù kí n pàdánù ojú kan. Ẹni tó bá lè dúró, kó máa bọ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó mú àga níbi tó wà kó jókòó."

Òkúta gba ẹnu ọ̀nà kọjá, òun náà mú yìnyín dání. Ó yọ orí wọlé. "Ọ̀kẹ́rẹ́! Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo òkè àjà. "Ẹ bi àwọn ìbejì," Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Tí wọ́n bá ti gbà, mo ti dé."